Humidifier fónéèsì ń gba omi, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ilé gbẹ furúfurú: kí ló ń ṣe é?

ÌyáÌbejì_Calgary

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ilé tó tó 2,000 ẹsẹ̀ níbùú lóròó ni, Calgary níbí. Fónéèsì gáàsì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná káàkiri ilé, la ń lò. Humidifier onípáàdì, ẹ̀rọ tó ń da omi sára páàdì kí afẹ́fẹ́ ilé lè gba ọ̀rinrin níbẹ̀, wà lára ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà padà sínú fónéèsì, páìpù roboto kan sì ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná wá bá a láti apá kejì. 40% ni mo gbé humidistat, ìyẹn ohun tí a fi ń pinnu ìwọ̀n ọ̀rinrin ilé, sí. Nígbà tí ìta wà ní −22°C, 19% ni mítà ọ̀rinrin kà. Mo kọ́kọ́ gbà pé òtútù ló fà á, àmọ́ nígbà tí ìta rọ̀ dé −5°C, 22% péré ló gùn dé. Ètè àwọn ọmọ ń là bí ìgbà ọyẹ́, pákó ilẹ̀ ti ń ṣí láàárín ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni téèyàn bá fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn, iná á ta á. Omi ń kán ní páìpù ìdàminù, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gba omi. Wọ́n ní kí n ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́nOnífónéèsì

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì náwó sórí ẹ̀rọ tuntun. Nọ́ńbà méjì tí ẹ kọ yẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n ń sọ.

19% nígbà tí ìta wà ní −22°C kò burú rárá. Afẹ́fẹ́ tó tutù kò lè gbé omi púpọ̀. Ní −18°C, nǹkan bí gíráàmù 1 omi ló lè wà nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan. Ní 21°C, ó lè gbà tó gíráàmù 18. Bí afẹ́fẹ́ ìta yẹn bá wá gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, tí fónéèsì mú un gbóná, ọ̀rinrin rẹ̀ á já sí 5 tàbí 6%. Òun ni humidifier ń bá jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Fèrèsé ló sì ń pinnu ibi tí a lè gbé ọ̀rinrin dé kí omi tó máa ṣàn lára gíláàsì. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí nìyí:

Ìta −29°C: 15%
Ìta −23°C: 20%
Ìta −18°C: 25%
Ìta −12°C: 30%
Ìta −7°C: 35%
Ìta −1°C: 40%

Ẹ rí i pé ní −22°C, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ wà gan-an lẹ wà. Ti −5°C ló ní wàhálà nínú, torí ó yẹ kẹ́ ẹ ti kọjá 35%. Nǹkan ń ṣe ẹ̀rọ, tàbí nǹkan ń ṣe ilé, tàbí kí mítà máa parọ́.

Mítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ẹ bu iyọ̀ ọbẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi sí i kó rin gbingbin, ṣùgbọ́n kí iyọ̀ tí kò yọ́ ṣì hàn nínú rẹ̀. Ẹ gbé ìdérí náà àti mítà sínú ọ̀rá tó ṣeé pa lẹ́nu, kí iyọ̀ má kan mítà, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 12 níbi tí oòrùn kò dé. 75% ló gbọ́dọ̀ kà. Tó bá kà 71, ẹ mọ̀ pé ó ń fi díẹ̀ dín in kù. Tó bá fi ju 8 lọ yàtọ̀, ẹ wá òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri àárín ilé, kó jìnnà sí ihò afẹ́fẹ́, ilé ìdáná àti fèrèsé.

OmiTútù_Winnipeg

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti mítà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi, torí “omi ń kán” kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀rọ tó ń gba ìdá kan péré nínú mẹ́ta omi tó yẹ náà á ṣì máa kán ní ìsàlẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ni.

Ọ̀pọ̀ humidifier onípáàdì irú èyí ń gba nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 3 ti Amẹ́ríkà ní wákàtí kan, ìyẹn lítà 11 ó lé díẹ̀, tó já sí mílílítà 190 ní ìṣẹ́jú kan. (Ẹ yẹ ìwé tiyín wò, torí àwọn kan ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Ẹ yí humidistat sókè pátápátá, kẹ́ ẹ gbé ìgbóná ilé sókè kí fónéèsì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kí fáànù sì máa fẹ́. Ẹ yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé omi wọ tíréè tó wà lókè páàdì, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ kọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, kẹ́ ẹ fi aago fóònù ka ìṣẹ́jú kan gééré.

Bí omi bá kéré, ibi mẹ́ta ló máa ń dí, láti orí páìpù wá sísàlẹ̀.

Èkíní ni fáàfù kékeré tó gún páìpù omi ilé lára. Abẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ihò tó ń dá kò tóbi, èérún funfun omi líle sì ń dí i. Ẹ ṣí i tán pátápátá. Bí ẹ bá ṣí i tán tí omi kò sì pọ̀ sí i, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ní kí púlọ́ńbà gé páìpù náà kó fi fáàfù tó ń yí ìdá mẹ́rin síbẹ̀. Èmi kò fọkàn tán àwọn fáàfù onígún yẹn rárá, torí wọ́n máa ń jò lára tí wọ́n bá dàgbà.

Èkejì ni asẹ́ kékeré tó wà níbi tí omi ń gbà wọ solenoid, ìyẹn fáàfù tí iná ń ṣí tó sì ń pa. Ẹ pa omi, ẹ tú ìdè rẹ̀, ẹ fa asẹ́ náà jáde, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ihò kékeré tí omi ń gbà jáde kúrò lára solenoid. Ìwọ̀n ihò yìí ni ilé iṣẹ́ fi ń díwọ̀n omi, nítorí náà ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gún un. Tó bá fẹ̀ sí i, omi á pọ̀ jù, á sì lè ya gba orí fónéèsì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà funfun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Owó rẹ̀ kò pọ̀ bó bá di dandan kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí omi kò bá jáde rárá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ti di ti iná nìyẹn. Solenoid máa ń dún “kìtì” nígbà tí humidistat bá pè é. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ fi mítà iná sí AC, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan wáyà méjì tó wọ solenoid. Bí ẹ bá rí fóòtì 24 sí 28 tí kò sì dún, kọ́ìlì rẹ̀ ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí òdo, ẹ wo tiransifọ́mà, ẹ wo fíúùsì kékeré irú ti mọ́tò tó wà lórí bọ́ọ̀dù fónéèsì (3 tàbí 5 ámpíà), ẹ sì wo wáyà humidistat fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan sí i. Lórí bọ́ọ̀dù fónéèsì púpọ̀, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ HUM sí. Lára àwọn kan fóòtì 24 ló ń jáde níbẹ̀, lára àwọn mìíràn fóòtì 120 ni. Ẹni tó bá so solenoid fóòtì 24 mọ́ 120 ti jó o, ó sì lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó so wáyà kankan, kẹ́ ẹ sì pa bíréékà nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀gbọ́nOnífónéèsì

Ọ̀rọ̀ tó kún nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ti páàdì àti afẹ́fẹ́ kún un.

Ẹ ṣí ìdérí humidifier lẹ́yìn tí omi bá ti ń ṣàn fún bíi ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan páàdì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún àti òsì. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tutù. Bí apá kan bá gbẹ, ó ní láti jẹ́ pé ihò tíréè apá ibẹ̀ ti dí, tàbí ẹ̀rọ náà kò dọ́gba nílẹ̀, omi wá ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé ìwọ̀n olómi tí káfíńtà ń lò lé e lórí. Bí páàdì bá le, tó funfun, tí ẹ kò lè rí ìmọ́lẹ̀ láti inú rẹ̀ já, ó ti parí nìyẹn. Fífọ̀ rẹ̀ kò ní ṣe yín láǹfààní, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, àmọ́ omi Calgary le; ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìgbà òtútù náà. Ọ̀pọ̀ páàdì ní àmì ọ̀dà lára, apá tí àmì wà ló ń lọ sókè sábẹ́ tíréè. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ délẹ̀, omi kò ní ràn dáadáa.

Lẹ́yìn náà, dámpà, irin pẹlẹbẹ inú páìpù tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó sì ń pa á. Lára páìpù roboto yẹn, ẹ ó rí ọwọ́ kékeré kan tó ń yí láàárín “summer” àti “winter”. Bó bá wà ní “summer”, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ní dé ọ̀dọ̀ páàdì. Omi á máa ṣàn kọjá lọ sí ìdàminù láì di èéfín. Nígbà tí fónéèsì bá ti jó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé ọwọ́ lé páìpù náà: ó gbọ́dọ̀ gbóná. Tó bá tutù, dámpà ti pa, tàbí ó jábọ́ kúrò lára ọwọ́ rẹ̀ nínú páìpù, kí ọwọ́ wà ní “winter” kí irin inú rẹ̀ sì dúró sí “summer”. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ojú kò sì lè rí i láti ìta.

Akin_Minnesota

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lójú tèmi, kí Ìyá Ìbejì gbé e sí 45%, kí wọ́n sì jẹ́ kí fáànù máa yí tọ̀sán tòru. Ṣebí wọ́n ní láàárín 40 sí 60% ló dára fún imú àti ọ̀nà ọ̀fun?

Ẹ̀gbọ́nOnífónéèsì

Akin, ó dára fún imú, àmọ́ ilé kò lè gbà á nínú òtútù báyìí. Bí ẹ bá fi ipá gbé e dé 45% ní −20°C, omi á máa ṣàn lára fèrèsé, á dì sí yìnyín lójú férémù, igi férémù á jẹrà. Èyí tí a kò rí ló burú jù: afẹ́fẹ́ olómi á gba ihò iná àti ẹnu ọ̀nà àjà gòkè lọ, á di yìnyín lábẹ́ pákó òrùlé. Calgary ní afẹ́fẹ́ chinook tó lè mú ìta gbóná ní nǹkan bí 20°C láàárín wákàtí díẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́, gbogbo yìnyín orí àjà á yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á sì máa kán láti sílìn. Àwọn èèyàn á ní òrùlé ń jò, kì í sì í ṣe òrùlé.

Ní ti fáànù tọ̀sán tòru: páàdì nílò ooru. Bí fónéèsì kò bá jó, afẹ́fẹ́ 21°C tó ń kọjá lára páàdì kò ní gbé omi púpọ̀, ìdàminù ni púpọ̀ jù nínú omi náà á gbà lọ. Bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan bá sì gba orí àjà tàbí abẹ́ ilé tí ìsopọ̀ rẹ̀ ń jò, fáànù tí kò sinmi á máa fa afẹ́fẹ́ gbígbẹ wọlé lójoojúmọ́ ni.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í fojú sí nìyí. Bí páálí ẹ̀rọ bá ní “gálọ́ọ̀nù 17 lójúmọ́”, ìyẹn bí lítà 64, wákàtí 24 tí fónéèsì ń jó láìdúró ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Bí fónéèsì bá ń jó fún ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ náà, lítà 25 tàbí 26 lẹ ó rí. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ilé Ìyá Ìbejì. 2,000 ẹsẹ̀, sílìn ẹsẹ̀ 8, ó tó kúbíìkì mítà 450. Ká ní ìdajì afẹ́fẹ́ ilé ń pààrọ̀ pẹ̀lú ti ìta ní wákàtí kan, kúbíìkì mítà 225 nìyẹn. Nígbà tí ìta wà ní −18°C, láti dúró sí 25% gba lítà 19 lójúmọ́. Láti dúró sí 40% gba lítà 34. Ẹ̀rọ kan náà tó tó fún 25% kò lè dé 40% láéláé, kò sì sí nǹkan tó ń ṣe é. Bí ilé bá wá ń jò tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pààrọ̀ ní wákàtí kan, ìlọ́po méjì ni gbogbo iye yẹn. Òun ló ṣe jẹ́ pé dídí ihò ilé máa ń wúlò ju ẹ̀rọ ńlá lọ: ẹnu ọ̀nà àjà, ibi tí páìpù àti wáyà gbà wọ ògiri, dámpà ibi ìdáná igi, ìlẹ̀kùn tó wọ gáréèjì.

OmiTútù_Winnipeg

Mo gbè yín lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n, àyàfi níbì kan. Fún ẹni tí fónéèsì rẹ̀ jẹ́ onípele méjì, tó ń jó díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í gbóná tó ti àtijọ́. Níbẹ̀, kí wọ́n so humidifier mọ́ omi gbígbóná ilé máa ń ran páàdì lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé omi gbígbóná tó ń ṣòfò ní ìdàminù á gbówó lé iná tàbí gáàsì, àmọ́ fún hítà tó ń fa ooru láti ìta, kò sí bí páàdì olómi tútù ṣe lè tó.

ÌyáÌbejì_Calgary

Ẹ ṣeun gan-an. Èsì rèé. Iyọ̀: mítà kà 73, ó dára. Omi láti rọ́bà: mílílítà 70 ní ìṣẹ́jú kan. Páàdì: apá òsì tutù, apá ọ̀tún gbẹ, ó sì funfun. Páìpù roboto gbóná. Mo fọ asẹ́, ó kún fún èérún. Mo rẹ ihò kékeré náà sínú fínígà. Omi wá di 185. Mo fi páàdì tuntun sí i, àmì lókè. Ẹ̀rọ náà ti tẹ̀ sósì díẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi ń sá síbẹ̀. A ti gbé e dọ́gba. Ìta wà ní −6°C báyìí, ilé sì ti dé 29%. Ó ti sàn, àmọ́ ó dúró síbẹ̀, kò gòkè mọ́. Kí ló kù?

Ẹ̀gbọ́nOnífónéèsì

Ẹ kú iṣẹ́! Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí. Ẹ dáhùn èyí: ṣé HRV wà nínú ilé yín, ẹ̀rọ tó ń kó afẹ́fẹ́ inú jáde tó sì ń kó ti ìta wọlé? Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Kánádà ló ní in. Bó bá wà, ẹ wo ojú kọ́ńtíróòlù rẹ̀ lára ògiri. Nọ́ńbà ọ̀rinrin máa ń wà níbẹ̀. Kí ni wọ́n gbé e sí?

ÌyáÌbejì_Calgary

Ó wà, ẹ̀gbọ́n. 30% ni nọ́ńbà rẹ̀. Fáànù rẹ̀ sì ń yí láìdúró.

Ẹ̀gbọ́nOnífónéèsì

Ọ̀tá humidifier yín nìyẹn. Nọ́ńbà yẹn ń sọ fún HRV pé bí ọ̀rinrin bá ti ju 30% lọ, kó sáré kó afẹ́fẹ́ olómi jáde. Humidifier ń da omi sílé, HRV ń kó o síta, ẹ sì ń san owó gáàsì fún àwọn méjèèjì. Ẹ gbé nọ́ńbà HRV kọjá ti humidifier, ẹ fi tó 5 sí 10 jù ú lọ, kẹ́ ẹ sì yí i kúrò lórí àìdúró sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú nínú wákàtí kan. Ẹ má pa á pátápátá o. Òórùn ọbẹ̀, omi ìwẹ̀ àti èémí gbogbo ilé ń gba ibẹ̀ jáde, ilé tó há láìsí afẹ́fẹ́ tuntun kò dára fún ọmọdé. Bí ẹ bá ń wẹ̀ tàbí dáná, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kó sáré fún ìgbà díẹ̀.

Bísí_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìjókòó o. Ṣé èmi náà lè so irú rẹ̀ mọ́ bọ́ílà mi?

OmiTútù_Winnipeg

Rárá, àǹtí. Bọ́ílà yín ń gbé omi gbígbóná lọ sínú rédíétọ̀, kò sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ yìí lè rọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé sí yàrá ni tiyín, kó jẹ́ èyí tó ní aṣọ tó ń fa omi nínú, tí fáànù ń fẹ́. Àwọn tó ń gbọn omi di kùrukùru máa ń fọ́n eruku funfun sílé bí ẹ bá bu omi ẹ̀rọ lásán sí i, omi tí wọ́n sè di èéfín tí wọ́n sì gbà padà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ̀rinrin ilé yín ná, torí ní Ìlú Ọba, ilé tó tutù jù tí ògiri rẹ̀ ń bu ló wọ́pọ̀ ju èyí tó gbẹ lọ.

Akin_Minnesota

Ẹ gbà mí láàyè kí n bi yín: ti onísísè ńkọ́, èyí tó ń se omi di èéfín kó tó fẹ́ ẹ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́?

Ẹ̀gbọ́nOnífónéèsì

Òun kò nílò ooru fónéèsì, nítorí náà ó dára fún ilé tí fónéèsì kì í jó púpọ̀ àti ilé ńlá. Ṣùgbọ́n iná ló ń jẹ. Láti sọ lítà omi kan di èéfín gba tó 0.7 kWh. Lítà 20 lójúmọ́, kWh 14 nìyẹn lójoojúmọ́ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Ó tún fẹ́ wáyà tirẹ̀ láti àpótí bíréékà, iṣẹ́ oníná tó ní ìwé ẹ̀rí ni. Ti onípáàdì náà ń gba ooru kan náà, láti inú gáàsì ló ti ń gbà á ni a kì í fi í rí i.

ÌyáÌbejì_Calgary

Mo ti gbé HRV sí 45%, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú nínú wákàtí. Ìta −7°C, ilé 34%. Pákó kò ì tíì padà sípò, àmọ́ iná kò ta wá mọ́. Ìbéèrè kan ló kù: omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà ní ìsàlẹ̀ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ láàárọ̀. Ṣé kí n dín in kù?

OmiTútù_Winnipeg

Ẹ kú oríire. Pákó máa ń pẹ́ kó tó gba omi padà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ti fèrèsé, ẹ wo àwọn yàrá yòókù. Bí gbogbo fèrèsé bá ní omi, ẹ fi 5% dín humidistat kù, ẹ dúró fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ tún wò ó. Bó bá jẹ́ yàrá yẹn nìkan, kọ́tìnì ló ń dí ooru mọ́ gíláàsì, tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pa mọ́jú tí èémí àwọn ọmọ kò fi rọ́nà lọ. Ẹ ṣí kọ́tìnì sílẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan nísàlẹ̀, kó má bo ihò afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ fèrèsé, kẹ́ ẹ sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Bí òtútù bá tún já sí −20°C, ẹ yí humidistat sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ó máa ń gba ilé ní ọ̀pọ̀ wákàtí kí ọ̀rinrin rẹ̀ tó wálẹ̀.